Bátìrì Tí Akíndèjì Fi Ahọ́n Wò

Bí ẹ bá dé Ìkàrẹ́ tí ẹ sì béèrè ṣọ́ọ̀bù Akíndèjì tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹni tí ẹ bi á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Á ní, "Ṣé Bàbá Afahọ́nwò?" Kì í ṣe èébú o. Ọkùnrin náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa orúkọ yẹn. Bátìrì yòówù kí ẹ gbé dé iwájú rẹ̀, ti rẹ́díò ni o, ti aago ògiri ni o, ti inú kọ̀ǹpútà tó rí pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀ àtijọ́ ni o, kò ní wá ohun èlò kankan. Á nù ún mọ́ ẹ̀wù, á yọ ahọ́n, á fi etí bátìrì náà kàn án, á sì dijú díẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà á dá ẹjọ́. "Ó wà láyé." Tàbí, "Ó ti kú." Ó parí nìyẹn.

Ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀, olóògbé Rájí, ló ti kọ́ ọ, láyé ìgbà tí rẹ́díò ṣì jẹ́ rẹ́díò. Rájí ní mítà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń wọn agbára iná, ó tì í mọ́ inú àpótí, ọmọ iṣẹ́ kankan ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Mítà fúnra rẹ̀, bátìrì ló ń jẹ. Bí tirẹ̀ bá kú ńkọ́? Ṣùgbọ́n ahọ́n tìrẹ, ọbẹ̀ nìkan ló ń béèrè." Akíndèjì ṣe àmín sí i. Nígbà tí ayé kúrò ní rẹ́díò tó bọ́ sí kọ̀ǹpútà, òun náà bá ayé lọ. Ó fi ewú orí lọ jókòó ti àwọn ọmọ kéékèèké ní Àkúrẹ́, ó kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà tó kú ní Àkókó tí kò lè sọ ohun tó pa á. Àfi ọ̀rọ̀ bátìrì nìkan ni kò kọ́ tuntun níbẹ̀. Ohun tí Rájí wí ló dì mú.

Ohun méjì ló fi ń yangàn láyé. Ọ̀kan ni ahọ́n yẹn. Èkejì ni àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Méje ló ti ṣe fìrídọ̀mù fún, tó gbàdúrà lé lórí, tó fún ní ìwé ẹ̀rí, tí kálukú sì ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ibi yòówù kí wọ́n ti rí i, lọ́jà ni o, níbi òkú ni o, wọ́n á yíjú sí ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á ní, "Ọ̀gá mi nìyí." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ó máa ń sọ fún Tẹjúmádé, ìyàwó rẹ̀, pé bí òun bá kú, kí wọ́n má wulẹ̀ ka ìtàn ìgbésí ayé gígùn kankan. Kí àwọn ọmọ iṣẹ́ òun kàn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn, kí wọ́n sì bo òun mọ́lẹ̀. Tẹjúmádé á ní, "Ẹ jẹ́ kó pẹ́ ná."

Ẹnì kẹjọ ni Safurat. Ọmọ Ògbàgì ni, opó, ọmọ méjì ló ní, ó sì ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ṣọ́ọ̀bù pé òun fẹ́ kọ́ṣẹ́. Iṣu sísun ló ń tà tẹ́lẹ̀ létí títì. Akíndèjì bi í pé kí ló dé tó jẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Mo fẹ́ iṣẹ́ tí òjò ò ní máa lé mi kúrò nídìí rẹ̀." Èsì yẹn dùn mọ́ ọn. Ọdún mẹ́ta ni obìnrin yìí fi ń ti Ògbàgì wá sí Ìkàrẹ́ lójoojúmọ́, èdè ilé rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀gá rẹ̀, Yorùbá tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Láti ọdún kejì ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ kan ò sì sọnù níbẹ̀ rí. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí o, nítorí Akíndèjì gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kó rántí.

Safurat tún ní ohun kan tí ọ̀gá rẹ̀ ò mọ̀. Ó ra mítà kékeré kan, ó fi pamọ́ sínú báàgì rẹ̀ lábẹ́ oúnjẹ. Bí ọ̀gá bá fi ahọ́n wo bátìrì tán tó jáde lọ ra obì, òun á yọ mítà, á tún un wò ní kọ̀rọ̀. Bí ó bá rí i pé bátìrì tí ọ̀gá ní ó wà láyé ti kú fin-ín fin-ín, á fi tuntun rọ́pò rẹ̀, á sì dákẹ́. Kò fẹ́ kó dà bí ẹni pé òun ń bá àgbà jiyàn. Àbí kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe? Ọmọ iṣẹ́ ni.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, fìrídọ̀mù rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ogúnjọ́ oṣù náà, ọjọ́ Sátidé, ni wọ́n dá. Ó ti sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ògbàgì, ó ti ránṣẹ́ sí ẹbí ìyá rẹ̀ ní Ìpè. Ìgbà yẹn ni Lucy gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé.

Lucy ló ni ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Ìwàrò-Ọ̀kà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Àkùngbá ti máa ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Háàdì inú kọ̀ǹpútà náà, níbi tó ń kó gbogbo nǹkan pamọ́ sí, ti ń dún kà, kà, kà, títí tó fi dákẹ́ pátápátá. Lucy lọ sí Àkúrẹ́, ó ra tuntun tòun ti ìwé ẹ̀rí ìrajà, ó gbé e wá nínú ọ̀rá. Safurat yọ ti àtijọ́, ó fi tuntun sí i. Kọ̀ǹpútà náà kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò mọ àlejò. Safurat wá wọ ibi tí kọ̀ǹpútà ń kọ àṣẹ tó máa kọ́kọ́ kà nígbàkigbà tó bá jí sí, ó yí nǹkan kan níbẹ̀, ló bá gba háàdì tuntun náà, ó ṣí wẹ́rẹ́.

Bátìrì pẹlẹbẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, òun ló ń bá kọ̀ǹpútà rántí àṣẹ yìí, àti ọjọ́ òní, nígbà tí iná bá kúrò lára rẹ̀. Bí bátìrì ọ̀hún bá ti kú, tí ẹ sì yọ okùn iná, gbogbo ẹ̀ ló máa gbàgbé.

Safurat ní, "Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà yìí ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ ká kúkú fi bátìrì tuntun sí i."

Akíndèjì yọ bátìrì náà, ó nù ún, ó yọ ahọ́n. "Ó ta mí fín-ín! Ó wà láyé. Ṣé torí pé owó oníbàárà ni, ká máa sọ ohun tó dáa nù?" Ó rẹ́rìn-ín, eyín onírin tó wà níwájú ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ ń dán. Ó ti tó ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ tí egungun ẹran ti kán eyín náà, tí dókítà eyín kan ní Ọ̀wọ̀ sì fi irin bò ó, láti ìgbà náà ni kì í ti í pa ẹnu dé mọ́.

Bátìrì tírélà méjì tí Akíndèjì so mọ́ ínfátà kì í jẹ́ kí iná kú nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni kọ̀ǹpútà Lucy fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìṣe ségesège, Akíndèjì ò sì kúrò nídìí rẹ̀ tí Safurat ì bá fi rí àyè fi mítà tún bátìrì náà wò. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n yọ okùn rẹ̀, Lucy gbé e lọ sí Ọ̀kà, ó tan án. Ojú dúdú. Lẹ́tà funfun díẹ̀ ló kọ, pé òun ò rí ibi tí òun máa gbà jí.

Ó gbé e padà. Safurat wò ó, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wo ọjọ́ tó ń kà. Ó ní ọdún 2010 la wà. Ó ti gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ fún un. Bátìrì yẹn ni." Níbi tí ojú ti ń kán an nítorí Lucy tó dúró, tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, ó gbàgbé ara rẹ̀. Ó na ọwọ́ sínú báàgì, ó yọ mítà, ó fi wọn bátìrì náà, ó sì gbé e síwájú ọ̀gá. "Ẹ wò ó, sà. Kò tó ìdajì ohun tó yẹ kó jẹ́."

Áà! Níwájú oníbàárà! Ará ṣọ́ọ̀bù kejì tó ń ta rẹ́dì-mẹ́èdì bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Afahọ́nwò, wọ́n ti gba ipò yín o!"

Akíndèjì ò wo mítà náà. Ó yí ojú kúrò lára rẹ̀ bí ẹni pé ohun ìdọ̀tí ni. "Ẹni ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ ló fẹ́ kọ́ mi ní bátìrì? Gbé páńda yẹn kúrò níwájú mi. Ṣe ohun tí o ṣe níjẹta, kó máa lọ." Safurat gbé mítà. Ó tún àṣẹ náà kọ, kọ̀ǹpútà jí. Bátìrì tó ti kú ṣì wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ Akíndèjì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé, wọ́n gba òkè Àkùngbá lọ sí Ọ̀kà, kí ọ̀gá lè fojú ara rẹ̀ rí i.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, tí wọ́n so okùn mọ́ sólà Lucy, ojú dúdú. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi méjìlá ló jókòó, tí wọ́n ń retí àtitẹ ìwé wọn.

Lucy káwọ́ lérí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, háàdì tuntun tí mo rà ní Àkúrẹ́ dà? Nítorí èyí tó wà níbí yìí, tuntun kọ́. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ fún mi."

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú Akíndèjì. Ó lè ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ kí n wá bátìrì tuntun, ó lè jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í." Ọ̀rọ̀ tí kò lè gùn ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ẹ̀rín ará ṣọ́ọ̀bù kejì ṣì ń dún létí rẹ̀, ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá sì wà lára rẹ̀. Ó mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún pé Safurat kì í jalè. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Síbẹ̀, ó yíjú sí i.

"Safurat, níbo lo gbé háàdì obìnrin yìí sí?"

"Ọ̀gá? Èmi?"

"Ṣé ẹlòmíì fọwọ́ kàn án ni?"

Safurat ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kò ṣe é."

"N kò mọ nǹkan kan. Má wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́ títí wàá fi rí i."

Sukurudíráfà wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún, ó rọra gbé e sórí tábìlì bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn sílẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kúrò lára okùn tó fi kọ́rùn, ó gbé e tì í. Ó jáde. Kò bú ẹnikẹ́ni. Akíndèjì ò tilẹ̀ ronú bí ó ṣe máa délé, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ òun ni wọ́n jọ wọ̀ wá.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó mú háàdì kan nínú tirẹ̀, ó lọ sí Ọ̀kà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ fi sí kọ̀ǹpútà náà, ó kọ gbogbo àṣẹ tó yẹ níbẹ̀, kọ̀ǹpútà jí, ó sì ń ṣiṣẹ́. Sólà ò jẹ́ kí iná kúrò lára rẹ̀ mọ́. Lucy ní, "Ẹ ẹ̀ rí i bí? Háàdì yẹn ni." Akíndèjì ní, "Mo rí i." Ìyẹn ló wá burú jù, pé irọ́ náà ṣe bí òótọ́ lójú gbogbo ayé. Ó ju háàdì tí wọ́n fi pe Safurat lólè sínú páálí kan lábẹ́ tábìlì, kò sì wò ó mọ́.

Ogúnjọ́ oṣù karùn-ún kọjá. Kò ránṣẹ́ sí Ògbàgì. Tẹjúmádé bi í lẹ́ẹ̀kan, ní orí oúnjẹ, pé, "Ṣé Safurat yìí jí i lóòótọ́?" Ó ní kó jẹ́ kí òun jẹun. Nígbà tó yá, ilé ìwé kan tó fẹ́ gba Safurat kó máa tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn pe Akíndèjì lórí fóònù. Ọkùnrin tó pè é ní, "Bàbá, a gbọ́ pé ọ̀dọ̀ yín ló ti kọ́ṣẹ́. Kí lẹ lè sọ nípa rẹ̀?" Akíndèjì dákẹ́. Ọkùnrin náà ní, "Hẹ́ẹ̀lò?" Akíndèjì ní, "N kò lè sọ nǹkan kan." Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó pa fóònù. Ẹ wò ó, èmi ò fẹ́ bú àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ẹni tó dákẹ́ lórí irú ìbéèrè yẹn ti sọ ohun gbogbo.

Oṣù mẹ́rìnlá kọjá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún 2024, ìjì jà ní Ọ̀kà, ó ká sólà Lucy kúrò lórí ilé. Nígbà tí wọ́n tún un so, tí Lucy tan kọ̀ǹpútà, ojú dúdú. Ó pe Akíndèjì. "Bàbá, ó tún ti dé o."

Ó dé ibẹ̀, ó wo ọjọ́ tó ń kà. Ọdún 2010. Háàdì ọwọ́ ara rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀ o. Kò sí Safurat níbẹ̀ tí yóò nàka sí. Ó tú àpótí náà, ó yọ bátìrì pẹlẹbẹ, ó fi kan ahọ́n. Ó ta á fín-ín. "Ó wà láyé," ló wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò le mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú háàdì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún, ló bá fi ẹnu gba nọ́ọ̀tì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú.

Fín-ín.

Ó dúró. Ó yọ nọ́ọ̀tì náà lẹ́nu, ó wò ó. Nọ́ọ̀tì lásán ni. Ó tún fi kan ahọ́n. Fín-ín. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó fi kàn án. Fín-ín. Ṣíbí tí Lucy fi ń jẹ ìrẹsì wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó gbé e láìtọrọ, ó fi kàn án. Fín-ín! Ó wá rọra fi ìka kan eyín onírin rẹ̀ nísàlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo irin tó ń fi sẹ́nu máa ń kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń wò ó ní, "Bàbá, bí irin méjì bá pàdé nínú itọ́, ó máa ń ta èèyàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì." Akíndèjì bi í pé, "Ṣé kódà bí kò bá sí bátìrì ńbẹ̀?" Ọmọ náà ní, "Kò nílò bátìrì kankan, sà."

Àgbàlagbà ọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi irin sí i lẹ́nu, kò sí òkú bátìrì kankan tí ahọ́n rẹ̀ ò ní ó wà láyé. Ọdún mẹ́rin ó lé. Ẹni tó sì ń bá a tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní kọ̀rọ̀, tí kò jẹ́ kí àṣírí rẹ̀ tú, òun ló pè lólè.

"Lucy," ó wí, ó sì jẹ́ kí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́, "Safurat kò jí háàdì rẹ. Bátìrì yìí ni. Ó sọ fún mi, mo kọ̀. Èmi ni mo ṣe é."

Lucy káwọ́ lérí. "Yéè! A ti ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe."

Akíndèjì padà sí Ìkàrẹ́, ó wá háàdì yẹn jáde láti inú páálí, eruku ti bò ó. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, ó ṣiṣẹ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n rà á. Ó wá pe Lucy lórí fóònù pé kó mú ìwé ìrajà rẹ̀, kó ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Lucy ń kà á, òun ń fi ìka tẹ̀ lé e lára háàdì. Méje. Òdo. Méjì. Títí dé òpin. Ọ̀kan ò yẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ni ìwé yẹn fi wà nínú dúrọ́ọ̀ Lucy, tí háàdì sì wà lábẹ́ tábìlì tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó ronú àtifi ọ̀kan wé èkejì. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ó pe ilé ìwé ọjọ́sí. Wọ́n ní àwọn ti gba ẹlòmíì láti ọdún tó kọjá.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje, ọjọ́ Àìkú, ló lọ sí Ògbàgì. Ó ti tẹ ìwé ẹ̀rí fìrídọ̀mù, ó kọ orúkọ Safurat gàdàgbà sí i, ó bọwọ́ lù ú, ó sì kọ ọjọ́ sísàlẹ̀: ogúnjọ́ oṣù karùn-ún, ọdún 2023. Ó rò pé ọgbọ́n lòun dá. Lójú tirẹ̀, bí ọjọ́ inú ìwé bá ti jẹ́ ọjọ́ tó yẹ kó jẹ́, á dà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ láàárín. Ó ra mítà tuntun kan pẹ̀lú, mítà olówó iyebíye, ó fi sínú báàgì.

Abẹ́ àtíbàbà páànù kan létí títì ló ti bá a, kò jìnnà sí ibi tó ti ń ta iṣu sísun tẹ́lẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì àti ṣájà fóònù ló ń tún ṣe. Òjò tó rọ̀ láàárọ̀ ti rin tábìlì rẹ̀ lápá kan, ó fi ọ̀rá bo ìyókù.

Safurat rí i. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, sà." Ó gbé bẹ́ǹṣì fún un, ó bu omi fún un. Ilé rere ló ti jáde.

Akíndèjì ò mu omi náà. Ó ṣí fìlà, ó rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: nọ́ọ̀tì, kọ́kọ́rọ́, eyín onírin.

"Gbogbo irin?" Safurat béèrè.

"Gbogbo irin."

"Kódà ṣíbí?"

"Kódà ṣíbí Lucy."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà kó tó mọ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Akíndèjì náà fẹ́ bá a rín in, ṣùgbọ́n nígbà tó wojú rẹ̀, omi ti dà lójú náà.

"Mo sọ fún yín," Safurat wí.

"O sọ fún mi."

"Mo fi hàn yín lórí mítà. Ẹ ò wò ó."

"N ò wò ó."

"Ilé ìwé yẹn ní àwọn pè yín."

"Wọ́n pè mí. Mo dákẹ́." Ó tẹ orí ba. "Mo ti sọ fún Lucy, níwájú gbogbo èèyàn, níbi tí mo ti sọ èyí àkọ́kọ́. Mo pe ilé ìwé náà padà, ó ti pẹ́ jù. Safurat, mo mọ̀ pé o ò jí i lọ́jọ́ tí mo wí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn. Forí jì mí."

Ó na ìwé ẹ̀rí náà sí i. Safurat nu ọwọ́ kó tó gbà á. Ó kà á láti òkè, ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó dúró níbẹ̀.

"Ọjọ́ wo lẹ kọ síbí?"

"Ọjọ́ tó yẹ kó jẹ́ ni."

"Ọjọ́ yẹn, sà," ó rọra wí, "àwọn ará Ìpè gbé iṣu dé. N ò rí ẹni tó lè bá mi dá wọn padà lọ́nà. Ẹnu ilẹ̀kùn ni mo dúró sí, tí mò ń sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kò sí fìrídọ̀mù mọ́. Wọ́n ní kí ló dé. Kí ni kí n sọ fún wọn? Àwọn ọmọ mi wà lẹ́yìn mi, wọ́n ń gbọ́." Ó fa bírò kan yọ lábẹ́ ọ̀rá, ó gbé e fún un. "Ẹ pa á rẹ́, ẹ kọ ti òní. Ẹ má jẹ́ kí ìwé yìí sọ pé mo ti ní in láti ìgbà yẹn. N ò ní in."

Akíndèjì gba bírò náà. Ó fa ìlà gba orí ọjọ́ tó kọ, ó kọ ti òní sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwé náà wá rí wúruwùru. Safurat ká a, ó fi sínú báàgì. Ó ní òun ti forí jì í nítorí Ọlọ́run, ohùn rẹ̀ sì jọ ti ẹni tó ń sọ òótọ́. Nígbà tí bàbá náà yọ mítà tuntun, ó mi orí. "Tèmi àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, sà. Ẹ̀yin lẹ máa nílò ìyẹn."

Obìnrin àgbàlagbà kan gbé tọ́ọ̀ṣì dé lákòókò yẹn. Ó kí wọn, ó wo ọkùnrin tó ṣí fìlà sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó bi Safurat pé, "Ta ni àlejò rẹ yìí?"

Akíndèjì gbé ojú sókè. Ó mọ ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ méje yòókù ì bá sọ. Etí rẹ̀ ti là sílẹ̀ fún un, kó tó rántí pé látìgbà tí òun ti dé, "sà" nìkan ni obìnrin yìí ń pe òun.

Safurat gba tọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ obìnrin yẹn, ó tú ìdí rẹ̀.

"Bàbá kan ni, mà," ó dáhùn. "Wọ́n ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkàrẹ́."